Okùn Ọrùn Ọwọ́

Ọkọ̀ iléeṣẹ́ wa kì í dúró pẹ́ ní oríta.
Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó ti fọn fèrè,
mo ti já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ,
mo ti gbé Àwẹ̀ró lé bàbá rẹ̀ láyà
bí ẹni tún di ẹrù ru aláàárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀.
Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ìkúnlẹ̀.
Ní ọjọ́ kejìléláàádọ́rùn-ún, ọ̀gá tẹ̀ mí láago:
"Ìyá ọmọ tuntun, ẹ̀rọ kò mọ abiyamọ.
Ẹni tó máa dúró níbẹ̀ pọ̀ lẹ́nu géètì."
Báyìí ni mo ṣe padà sí Odógúnyán
níbi tí a ti ń ṣe ọ̀rá omi,
láti alẹ́ di ìdájí, lórí ìdúró.

Múfútáù, iyanrìn ni iṣẹ́ tirẹ̀.
Ní Bàyékù, kí oòrùn tó yọjú lórí ọ̀sà,
ó ti wọ inú omi tòun ti korobá,
ó ń tọ àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀ síbi tí ojú kò tó,
ó ń wà, ó ń gùn, ó ń dà á sínú ọkọ̀
títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mumi.
Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé onílé ní Àgùrà,
díẹ̀ nínú etí ọkọ mi wà níbẹ̀.

Torí etí ni omi kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó dùn ún, ó tú ọyún,
lẹ́yìn náà ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Ìgbógbó tan iná sí i wò,
ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ fi omi sílẹ̀."
Múfútáù ń wo ẹnu rẹ̀.
Èmi ni mo tún un sọ sí etí ọ̀tún, èyí tó ṣẹ́ kù.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní,
"Tí mo bá fi omi sílẹ̀,
ṣé iyanrìn á gòkè fúnra rẹ̀ wá ra mílíìkì?"

Ṣé kí n sọ òótọ́? Mo bínú sí i lọ́jọ́ kan.
Ibà mú ọmọ lóru, mo wà níwájú ẹ̀rọ.
Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, ohùn Àwẹ̀ró ti há,
ẹkún kò jáde mọ́, ẹnu nìkan ló ń là,
ara rẹ̀ gbóná bí agolo tó wà lórí iná.
Bàbá rẹ̀ sùn. Etí tó dára ló fi lé ìrọ̀rí.
Mo pariwo. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ.
Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ mi, àfi ẹni tí mo ń bá wí.
Nígbà tó lajú, tó rí ẹnu mi, tó rí ọmọ,
ó kàn ń wí pé, "N ò gbọ́. Ráfátù, n ò gbọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ló gé lára okùn ọkọ̀ wọn,
tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju apá méjì lọ.
Ó fa ìró mi àtijọ́ ya, ó fi wé e kó má baà bó ọmọ lára,
ó so orí kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró,
ó so èkejì mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.
Ọmọ ta ẹsẹ̀, bàbá jí.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di bí aago méjì òru,
wàrà á ṣàdédé tú sí mi láyà nídìí ẹ̀rọ,
á rin bùláòsì gbindin.
Obìnrin tó wà lápá òsì mi á na aṣọ ìnura sí mi,
kò ní wí nǹkan kan. Òun náà fi ìbejì sílé.
Mo mọ̀ pé okùn ti fà.
Mo ń ka ọ̀rá, mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀:
ó ti dìde, ó ti wá igò rí lókùnkùn,
ó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tó le bí ìpẹ́ lu ọmọ lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń sùn sílé.
Àárín àwọn méjèèjì ni mo máa ń dùbúlẹ̀ sí,
okùn a gba orí ikùn mi kọjá.
Mo máa ń gbọ́ ọmọ kó tó sunkún rárá,
bó ṣe ń mí, bó ṣe ń wá ọmú.
Ọwọ́ mi á fẹ́ nà. Màá ká a kò.
Okùn á fà lórí ikùn mi, díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i,
bí ẹja tó ń tọ́ ìjẹ wò.
Màá dijú bí ẹni tó sùn,
kí ẹni tí kò gbọ́ lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn.